Ilé méjì lábẹ́ àmì C kan: àlàyé lórí Carhartt

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù Carhartt WIP ní London, ẹ ó rí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búráùn kan lórí hángà, orin á máa dún wẹ́rẹ́ lẹ́yìn, iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á sì mú kí ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá wá dé ìgbèríko Amẹ́ríkà, tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ra oúnjẹ adìyẹ, wáyà ọgbà àti ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì, ẹ ó bá jákẹ́ẹ̀tì mìíràn níbẹ̀ tó jọ ti London débi pé ẹ lè ṣì í mú. Àmì C kan náà ló wà láyà rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá iyàn sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́. Àwọn kan ní ti London ni ojúlówó, pé ti Amẹ́ríkà ni wọ́n rán fún mẹ̀kúnnù. Àwọn kan ní rárá, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló jí àmì olóhun. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ṣì í.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń lo orúkọ yìí. Èkínní ni Carhartt gan-an, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dearborn, ìlú tó fara ti Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan. Aṣọ iṣẹ́ ni tirẹ̀: ti bíríkìlà, ti wẹ́dà, ti àgbẹ̀, ti ẹni tó ń gun òpó iná. Èkejì ni Carhartt Work In Progress, tí gbogbo ayé ń pè ní WIP, tó fìdí kalẹ̀ sí Weil am Rhein, ìlú kékeré kan ní Jámánì tó wà lẹ́nu ibodè Switzerland. Aṣọ ìgboro ni tirẹ̀, ti ọ̀dọ́ tó fẹ́ jáde. Ti Michigan ló ni orúkọ, òun ló ni àmì. Ti Jámánì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa lò ó. Ẹni tó bá mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Ìdílé onílẹ̀ á fún àlejò ní ilẹ̀ dáko, àlejò á gbin ohun tó wù ú, á kórè, á tà, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ní torí ìyẹn di tirẹ̀. Kódà bí àlejò bá kọ́lé tó ga ju ti onílẹ̀ lọ, ẹni tó ni ilẹ̀ ló ṣì ni ín.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni bí wọ́n ṣe débẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó jókòó gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1855 ni wọ́n bí Hamilton Carhartt ní ìpínlẹ̀ New York, Michigan ló sì dàgbà sí. Kì í ṣe télọ̀ rárá. Alájàpá ni, ó ń gbé ọjà kiri láti ìlú dé ìlú. Ní 1889 ó dá ilé ìránṣọ sílẹ̀ ní Detroit, nínú yàrá kan lókè ilé, pẹ̀lú máṣíìnì péréte àti ẹ̀rọ iná kan tí agbára rẹ̀ kò ju ìdajì agbára ẹṣin lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ò dùn. Ọjà ò yá. Kì í sì í ṣe pé kò sí aṣọ iṣẹ́ lóde: ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà yẹn tí Levi Strauss àti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis ti gbàwé àṣẹ lórí ṣòkòtò tí wọ́n fi irin kékeré kan mọ́ igun àpò, ní 1873. Ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ iṣẹ́ ní 1889, àfi kó ní ohun tí ẹlòmíràn ò ní.

Carhartt lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó bi wọ́n léèrè ibi tí aṣọ ti ń já wọn kulẹ̀. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńlá á gba àwọn ọ̀mọ̀wé láti lọ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní ti alájàpá, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ. Rélùwéè ló sì ń gbé Amẹ́ríkà rìn lásìkò yẹn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ń dúró ti iná èédú láti àárọ̀ dalẹ́, iná ń ta sí i lára, ó ń kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó ń gun irin lọ gun irin bọ̀, gíríìsì ń rọ́ mọ́ ọn. Ó tún gbọ́dọ̀ ní aago níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tètè bà á, nítorí ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ sábà ń pín lò, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn bá sì ṣì kà lè di òkú sùn. Ohun tó jáde nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ ni ófáróòlù tó gùn dé àyà, tí okùn rẹ̀ gba èjìká kọjá, tí àpò aago àti àpò pẹ́ńsù wà níwájú rẹ̀. Ìlérí tó fi ń polówó rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi owó òógùn rẹ̀ rà á, ohun tó rà á tó owó rẹ̀. Ó tún fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, aṣọ rẹ̀ ń gbé àmì ẹgbẹ́ àwọn tó ń rán an, èyí tó ṣe é láǹfààní gidi, nítorí òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wà nínú ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ wo àmì yẹn kó tó fọwọ́ bọ àpò.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan aṣọ náà fúnra rẹ̀, torí pé àwọn tó ń jiyàn lórí owó rẹ̀ kì í sábà wò ó dáadáa. Kánfáàsì òwú ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní duck. Áúńsì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: èyí tó lókìkí jù lọ, yáàdì kan ní gígùn, yáàdì kan ní ìbú, á wọn áúńsì 12, ìyẹn bíi gíráàmù 340. Ànkárá tó wà lọ́jà wa ò tó ìdajì ìyẹn. Wọ́n hun ún pọ̀ mọ́ra débi pé bó bá ṣì jẹ́ tuntun ó máa ń le gbọnyin, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé ṣòkòtò náà dúró sílẹ̀ kó má ṣubú. Afẹ́fẹ́ ò tètè gbà á kọjá, ẹ̀gún ò tètè fà á ya. Òwú sì ni ṣá: bí wọn ò bá fi nǹkan tó ń lé omi sí i, òjò á wọ inú rẹ̀, á sì wúwo lára ẹni.

Níbi tí aṣọ méjì bá ti pàdé, wọn kì í kàn gba abẹ́rẹ́ kan kọjá níbẹ̀. Wọ́n á ká etí èkínní mọ́ etí èkejì, wọ́n á wá fi òwú ìlà mẹ́ta rán an mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ìlà kan bá já, méjì ṣì ń dì í mú. Ní orúnkún, wọ́n lẹ aṣọ kejì lé èkínní. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ aṣọ kejì yìí lára ṣòkòtò wọn tó ní orúnkún oníléméjì, ẹ ó rí i pé wọn ò rán an pa tán. Ẹnu kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lẹ táìlì, tó jẹ́ orí orúnkún ló ń wà látàárọ̀, lè ti tìmùtìmù bọ ibẹ̀. Bí iyanrìn bá sì kó wọ àárín aṣọ méjèèjì, ẹnu yẹn ni yóò gbà jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n rán lórí àti nísàlẹ̀ nìkan. Òòlù ló wà fún. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ronú kan irú nǹkan wọ̀nyí.

Ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Kí ọ̀rúndún ogún tó jìnnà, Carhartt ti ní ilé ìhunṣọ tirẹ̀ ní South Carolina àti Georgia, ó ní ilé ìránṣọ ní Atlanta, Dallas àti San Francisco, ó sì ti ré òkun kọjá dé Liverpool, ó tún dé Toronto àti Vancouver ní Kánádà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fa ilé ìránṣọ méje kalẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà láti máa rán aṣọ ológun. Ọkàn bàbá náà tiẹ̀ balẹ̀ débi pé ó ti bọ́ sídìí ṣíṣe mọ́tò ní 1910. Detroit ni, kí ni kò ní jẹ́ kí ó ṣe mọ́tò? Kò tó ọdún mẹ́ta tí ìyẹn fi kógbá sílé.

Ẹni tó ní ilé ìhunṣọ ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ òwú, iye owó òwú sì já wálẹ̀ ní 1920 bí ẹní já láti orí igi. Ilé-iṣẹ́ náà ò tíì gbádùn kúrò nínú ìyẹn tí ọrọ̀ ajé gbogbo Amẹ́ríkà fi dojú dé láti 1929. Wọ́n ti ilé ìránṣọ tí èyí, wọ́n ta tọ̀hún, títí ó fi ku péréte. Ní 1932 wọ́n ṣí ọ̀kan sí Irvine, ìlú kékeré kan ní Kentucky, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rọra gbá ara wọn jọ. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa Hamilton ní 1937. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Wylie, ló gbà á. Lẹ́yìn Wylie, Robert Valade, ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin Gretchen, di ọ̀gá ní 1959, lẹ́yìn náà Mark Valade tó jẹ́ ọmọ wọn náà di ọ̀gá níbẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìlà ìdílé yìí. Dickies, tó jẹ́ akẹgbẹ́ Carhartt nídìí aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Texas ní 1922, bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá VF ní 2017. Carhartt kò sí lórí ọjà ìpín ìdókòwò, kò sẹ́ni tó lè ra ìpín níbẹ̀ kó wá máa pariwo pé èrè oṣù mẹ́ta yìí kéré. Mo gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ ọdún rán irú jákẹ́ẹ̀tì kan náà láìyí i padà. Gretchen Valade fúnra rẹ̀, jáàsì ló fi owó aṣọ ṣe: ó fi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là gbé àjọ̀dún jáàsì Detroit dúró nígbà tó fẹ́ wó lulẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Mack Avenue sílẹ̀. Ìparí 2022 ló kú, lẹ́ni ọdún 97.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí èèyàn ò bá ṣiṣẹ́ alágbára, kò sí ibi tó ti máa bá Carhartt pàdé. Ilé-iṣẹ́ náà kì í tà á fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ àti ohun èlò oko ló ń kó o, àwọn ló ń tà á. Jákẹ́ẹ̀tì Detroit wọn, tó kúrú mọ́ ìdí, tó ní síìpù níwájú, ti wà láti 1954. Èyí tó ní ìbòrí lẹ́yìn ọrùn, tó wá gbajúmọ̀ jù, jáde láàárín àwọn ọdún 1970, ó sì bá àkókò mu: láti 1975 sí 1977, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń ri páìpù epo ní Alaska, láti Prudhoe Bay dé Valdez, 800 máìlì gbáko, nínú òtútù tó lè dá ètí èèyàn lọ́gbẹ́. Carhartt ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí oníkálukú padà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó lápò, wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì náà dání lọ sílé. Kò sí ìpolówó kankan tó lè ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tí ẹbí Valade ò rò. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í wọ jákẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Òtútù New York kì í ṣeré, ẹni tó ń dúró ní ìkòríta lóru, yálà ó ń ta ọjà tó mọ́ tàbí èyí tí kò mọ́, nílò aṣọ tó móoru tí àpò rẹ̀ sì pọ̀. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sára àwọn olórin ráàpù. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ àwo orin Tommy Boy ra ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún jákẹ́ẹ̀tì Carhartt, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i lára, wọ́n pín in fún àwọn gbajúmọ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí kò gbé òòlù rí ti ń wá a kiri.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á ti sáré tẹ̀ lé irú oníbàárà tuntun bẹ́ẹ̀. Ti Michigan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò lé wọn, wọn ò sì yí ìrán aṣọ wọn padà nítorí wọn. Fìlà híhun A18 tí wọ́n gbé jáde ní 1987, tó jẹ́ pé orí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ti wá wà lórí gbogbo irú orí lónìí, wọ́n ṣì ń rán an bákan náà, owó pọ́ọ́kú.

Ẹni tó rí àǹfààní tó wà níbẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Edwin Faeh, ará Switzerland, ń ṣòwò aṣọ jíǹsì ní Basel. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Salomée, dá Work In Progress sílẹ̀ ní 1989, wọ́n ń kó aṣọ Carhartt wọ Yúróòpù láti Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù fẹ́ kò bá ohun tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ mu tán. Ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́lé nínú yìnyín fẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba súwẹ́tà méjì nísàlẹ̀. Ọmọ tó ń fi pákó onítáyà ṣeré ní Berlin ò ní súwẹ́tà méjì, ó kàn fẹ́ kó jókòó sí i lára. Ní 1994, àwọn méjèèjì gba àṣẹ pé kí wọ́n má kàn máa kó aṣọ wọlé mọ́, kí wọ́n máa ya àwòrán aṣọ tiwọn, kí wọ́n sì máa rán an lábẹ́ orúkọ Carhartt. Ọjọ́ yẹn ni ilé kan di méjì.

Wọ́n mú àwòrán àtijọ́ jáde láti inú àpótí Michigan: jákẹ́ẹ̀tì Detroit, ófáróòlù, ṣòkòtò oníléméjì. Wọ́n dín ìbú rẹ̀ kù, wọ́n tún èjìká rẹ̀ ṣe, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tí bíríkìlà ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan lára kánfáàsì tí wọ́n ń lò, Dearborn ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìlú onílẹ̀ gan-an, áúńsì 12 lòun náà. Ní 1997 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní London. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ńlá tó wà nínú bí ilé méjèèjì ṣe dàgbà wà: ti Michigan fi ọ̀kẹ́ àìmọye oníṣọ́ọ̀bù ìgbèríko ṣe ẹsẹ̀ rìn, ti Jámánì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó lè pinnu irú iná tó máa tàn níbẹ̀, irú orin tó máa dún àti iye jákẹ́ẹ̀tì tó máa wà lórí hángà. Bí ọjà bá wọ́n níwọ̀n, owó rẹ̀ á gbéra. Ẹ tún fi kún un pé wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀ àti ìrán láti sáà dé sáà, wọn kì í rán ẹyọ kan lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ bíi ti Michigan, wọ́n sì ń bá àwọn aránṣọ olórúkọ ńlá ṣe pọ̀, irú Marni ti Ítálì àti Sacai ti Japan. Ohun tí ẹ ń sanwó fún nìyẹn ní London. Kì í ṣe pé òwú tiwọn lágbára jù.

Nígbà tí WIP wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí New York ní 2011, ìdàrúdàpọ̀ dé ojú ẹ̀. Ó di pé Carhartt méjì wà nínú ìlú kan, ọ̀kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà olówó gọbọi, èkejì ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́. Látìgbà yẹn ni àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń béèrè èwo gan-an ni ojúlówó.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí Michigan náà ti kùnà, kó má dà bíi pé mò ń polówó fún wọn. Àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ oko àti ilé-iṣẹ́ láti ìgbà láéláé, aṣọ ọkùnrin tó kéré jù ni wọ́n ń wá wọ̀, ó di 2007 kí ilé-iṣẹ́ yìí tó gbé aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n dìídì yà fún obìnrin jáde. Ọdún méjìdínlọ́gọ́fà lẹ́yìn ìdásílẹ̀! Ẹni tó lọ bi òṣìṣẹ́ rélùwéè léèrè ò rántí bi ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà kì í yọ wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2022, Mark Valade kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé dandan ni abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá òfin ìjọba lórí ẹ̀ dúró, àwọn oníbàárà kan sì bínú pé àwọn ò ní ra aṣọ rẹ̀ mọ́. Inú ń bí àwọn mìíràn pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rán gbogbo rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n ṣì ní ilé ìránṣọ ní Kentucky àti Tennessee, àmọ́ Mexico àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá báyìí. Ilẹ̀ òkèèrè náà ni ti WIP ti ń wá, nítorí náà kò sí èyí tó lè fi ìyẹn bú èkejì.

Ní ti ẹni tó fẹ́ rà, ohun tí mo máa ń wò nìyí. Ẹ yí ọrùn aṣọ síta. Bó bá jẹ́ ti Jámánì, ẹ ó rí WIP tàbí Work In Progress lára léébù inú rẹ̀, àmì onígun mẹ́rin tó wà láyà rẹ̀ sì sábà máa ń kéré ju ti Michigan lọ. Ti Michigan tóbi lára: ẹni tó ń wọ L nínú aṣọ mìíràn lè rí i pé M ló bá a mu, pàápàá bí kò bá ní wọ nǹkan púpọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti WIP, ìwọ̀n yín gan-an ni kí ẹ mú, kí ẹ sì yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nílé báyìí. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ò fàyè gba kíkó àlòkù aṣọ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Katangowa ní Èkó tàbí Missèbo ní Kútọnu mọ bí òkìrìkà ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀. Nínú bẹ́ẹ̀lì jákẹ́ẹ̀tì olótùútù, ẹ máa ń bá Carhartt pàdé, torí pé kì í gbó bọ̀rọ̀: aṣọ tó bá ti gbó tán kì í rí ọ̀nà wọ bẹ́ẹ̀lì. Ayédèrú náà wà níbẹ̀ o. Ẹ wá léébù kékeré tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ sí. Àwọn aṣọ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà sábà ń gbé nọ́ńbà kan tí àjọ ìjọba tó ń bójú tó òwò fún ẹni tó ni ọjà, lẹ́tà RN ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ti Carhartt ni RN 14806. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀, ẹ fura. Bí ẹ bá sì rí òun gan-an, ẹ má tíì yọ̀, torí pé ẹni tó lè rán C lè tẹ nọ́ńbà. Ẹ fa ojú ìrán rẹ̀ yà díẹ̀, ẹ ka ìlà òwú rẹ̀: mẹ́ta ló yẹ kó wà níbi tí ó ti máa ń fojú winá, ó yẹ kó tò tààrà, kó má wọ́.

Ẹ má sì torí orúnkún tó ti ṣá rò pé aṣọ náà ti gbó. Ní òkè òkun, WIP ń fọ aṣọ tuntun títí yóò fi ṣá kí wọ́n tó gbé e sórí hángà, wọ́n sì ń gba owó tó jọjú lórí rẹ̀. Ti Michigan náà ti bọ́ sídìí àlòkù láti 2023: wọ́n ń gba aṣọ tí oníbàárà ti lò, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń lẹ ibi tó ya, wọ́n ń tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé òtútù Chicago tàbí Calgary ni àbúrò yín fẹ́ lọ kojú, tó sì máa ṣiṣẹ́ ní ìta, ti Michigan ni kí ẹ bá a wá, èyí tó ní láínìǹ nínú. Bó bá jẹ́ pé Peckham ní London ló fẹ́ fi gbafẹ́, ti WIP á bá a lára mu jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ èyíkéyìí nínú wọn ní Òṣòdì lọ́sàn-án gangan, kó yáa mú ìgò omi dání.